Ẹ Bi Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ṣé Ìyàngbò Ìrẹsì Lè Tan Iná?

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: dísù ti di ohun tí apá ò ká mọ́, iná ìjọba kò ṣeé gbójú lé, ìdọ̀tí oko sì ń kún ẹ̀yìnkùlé. Ṣé ìdọ̀tí yẹn ò lè di iná ni? Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ti Ìyá Ọlọ́lọ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, torí pé owó ti fẹ́ jáde lápò wọn.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ ìrẹsì ni mo ní ní Ìgbẹmọ-Èkìtì níbí. Lásìkò ìkórè, à ń lọ tó tọ́ọ̀nù méjì lóòjọ́. Ìyàngbò tó wà lẹ́yìn ilé ọlọ ti fẹ́ ga ju òrùlé lọ. Àwọn ọmọ á finá sí i, á máa rú èéfín tọ̀sán-tòru títí àwọn ará àdúgbò á fi wá bá mi jà. Dísù ló sì ń jẹ gbogbo èrè mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, ó lóun ní ẹ̀rọ tó ń jẹ ìyàngbò tó sì ń mú iná jáde. Ó ní tí mo bá lè san ìdajì owó rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa ra iná lọ́wọ́ mi. Ó fi fídíò hàn mí lórí fóònù, ó ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ya á. Ṣé òótọ́ ni, àbí gbájú-ẹ̀? — Ìyá Ọlọ́lọ, Ìgbẹmọ-Èkìtì*

Ìyá wa, ẹ kú ọpọlọ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi béèrè. Òótọ́ ni fídíò yẹn. Bóyá olóòótọ́ ni ọmọkùnrin náà ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Ní ọdún 2007, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Tamkuha ní ìpínlẹ̀ Bihar, ní Íńdíà, àwọn ọ̀dọ́ kan, tí Gyanesh Pandey àti Ratnesh Yadav wà lára wọn, fi ìyàngbò ìrẹsì tan iná fún àwọn tí wáyà ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ tó tibẹ̀ jáde ni Husk Power Systems. Ọparun ni wọ́n fi ṣe òpó iná, torí pé ó wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò sì wọ́n. Nǹkan bí 100 rúpì lóṣù ni ìdílé kan ń san nígbà náà fún gílóòbù méjì àti fóònù gbígbà, wọ́n á sì ti san án sílẹ̀ kí wọ́n tó rí iná. Eérú dúdú tó kù nínú ìléru, àwọn obìnrin abúlé ló ń pò ó pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe tùràrí onígi. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀ o, mi ò ní fi ẹ̀gàn kún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á da ìyàngbò sínú ìléru gíga kan, wọ́n á ṣáná sí i, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n á jẹ́ kó wọlé kò ní tó. Nǹkan tí afẹ́fẹ́ kò tó ò lè jó tán, gáàsì ni á máa tú jáde lára rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì gáàsì náà jẹ́ náítírójìn tí kò lè jó. Carbon monoxide àti haidirójìn ló kó ìyókù jù, àwọn ló sì ń jó. Wọ́n á jẹ́ kí gáàsì yẹn tutù, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni á wọ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì á sì yí jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe idán tuntun. Nígbà ogun Hítílà, tí epo bẹntiróòlù dàwátì ní Yúróòpù, irú ìléru yìí ni wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ní Jámánì àti Sweden, igi ni wọ́n sì fi ń wa mọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Nínú 100 kílò ìrẹsì tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, nǹkan bí 20 kílò ni ìyàngbò. Tọ́ọ̀nù méjì lóòjọ́ á fún yín ní nǹkan bí 400 kílò. Bí ẹ̀rọ bá dára, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà nídìí rẹ̀, nǹkan bí kílò méjì ló ń lọ sí yúnìtì iná kan, àní yúnìtì tí wọ́n ń kọ sínú bíìlì yẹn gan-an. Yúnìtì 200 nìyẹn lóòjọ́. Bí mọ́tò ọlọ yín bá jẹ́ kílówáàtì 15, tó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, yúnìtì 120 ló máa lò. Ó ku 80. Ilé tó ń tan gílóòbù mélòó kan, fáànù kan àti tẹlifíṣọ̀n lè lo yúnìtì kan lóòjọ́. Nínú ìwé, ẹ ti ní iná fún 80 ilé. Inú ìwé ni mo wí o.

Ẹ wá lọ wo ìyàngbò yín. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nídìí ọlọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù. Ṣé èèpo rẹ̀ ṣì wà lódindi bí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, àbí ó ti lọ̀ kúnná pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rí? Ọlọ onírin tó pọ̀ jù ní abúlé wa, èyí tó ń bó ìrẹsì tó sì ń dán an lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló ń lọ èèpo mọ́ ẹ̀ẹ̀rí. Tí irú rẹ̀ bá wọ ìléru gáàsì, á dì pa, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá nínú rẹ̀. Ìyàngbò tó ti ara ọlọ onírọ́bà jáde ni wọ́n ń lò ní Íńdíà. Bí ọlọ yín bá jẹ́ onírin, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná ti parí níbẹ̀, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ pààrọ̀ ọlọ. Ǹjẹ́ ọmọkùnrin yẹn bi yín léèrè irú ọlọ tí ẹ ní? Bí kò bá béèrè, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ nìyẹn.

Òkìtì tó ga ju òrùlé yẹn náà, ẹ má kà á mọ́ ọrọ̀. Òjò ti pa á, inú rẹ̀ ti ń jẹrà. Ìyàngbò gbígbẹ nìkan ni ìléru ń jẹ, ẹ sì nílò abà tí kò jò láti kó ti ìgbà ìkórè sí di ìgbà tí iṣẹ́ bá dín kù. Ìyàngbò fúyẹ́ púpọ̀, ó sì ń gba àyè. Abà yẹn lè tóbi ju ilé ọlọ lọ.

Ìṣòro tó tún ń pa àwọn ẹ̀rọ yìí ni oje. Gáàsì tó ń jáde látinú ìléru máa ń gbé oje dúdú dání. Mo bá wọn tú ẹ́ńjìnnì kan bẹ́ẹ̀ rí ní sọ́míìlì kan tí wọ́n ti ń fi èérún igi ṣe gáàsì. Nígbà tí a ṣí orí rẹ̀, àwọn fáàfù ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò wọn pin-pin. Oje tó ń dán bo pisítìnì, òórùn ẹja yíyan ló sì ń ti inú irin jáde. A fi kẹrosíìnì bọ́ ọ, kò bọ́. Ọ̀bẹ la fi ha á. Kí ló fà á? Ọmọ tó ń pààrọ̀ asẹ́ lọ ọdún iléyá nílé, kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wa ẹ́ńjìnnì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ ẹni tó máa dúró tì í lójoojúmọ́, tó máa fi ọ̀pá irin gún ìyàngbò láti òkè nígbà tó bá há, tó máa kó eérú, tó máa pààrọ̀ asẹ́, tó sì máa mọ ibi tó máa da omi ìfọgáàsì sí, torí pé omi yẹn ń rùn, ó sì lóró. Tí ẹ bá dà á sí gọ́tà, àwọn ará àdúgbò tó ń bá yín jà nítorí èéfín á tún padà wá.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé, Ìyá. Ìrẹsì bíbọ̀ lẹ̀ ń lọ, bí mo ṣe mọ Ìgbẹmọ sí. Kí ló wà lábẹ́ àgbá tí ẹ fi ń bọ̀ ọ́? Igi ni, owó ni ẹ sì fi ń rà á. Ooru tó wà nínú kílò ìyàngbò kan kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti kílò igi kan. Bí ẹ bá fi ìyàngbò ṣe iná mànàmáná, nǹkan bí ìdá kan nínú méje ooru rẹ̀ ló máa di iná, ìyókù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá fi dáná lábẹ́ àgbá, ooru yẹn gan-an lẹ nílò. Ààrò ìyàngbò tó ní fáànù kékeré tó ń fẹ́ ẹ nísàlẹ̀, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè rọ ọ́ láàárín ìlú, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú fáàfù tàbí oje. Ààrò yìí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yan ọlọ, pàápàá tí ẹ bá kọ́kọ́ jọ ẹ̀ẹ̀rí kúrò, èyí tí àwọn aládìẹ á rà lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó igi tó bá kù sápò yín lẹ máa fi ra dísù.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lórí iná, ẹ pe àwọn ọlọ́lọ yòókù jọ, kí ìyàngbò gbogbo yín wà lójú kan, kí ẹ jọ gba ẹni méjì síṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n wà. Ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí ẹ máa ta ìyàngbò fún ara yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí èyí o. Ìdọ̀tí lẹ̀ ń pè é lónìí, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi pawó, gbogbo ọlọ́lọ á di olówó ìyàngbò. Ní Íńdíà, wọ́n ń dà á nù tẹ́lẹ̀. Báyìí, ọjà ni. Ilé-iṣẹ́ Husk Power fúnra rẹ̀ ti gbé agbára oòrùn àti bátìrì síwájú báyìí, àní èyí tí wọ́n gbé wá sí ìpínlẹ̀ Násáráwá níbí láti 2021, ti oòrùn ni. Àwọn tó mọ ìyàngbò lò dáadáa nìyẹn. Ẹ fi ṣàkíyèsí.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Bí ọlọ yín nìkan ni iná náà wà fún, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ yín lọ́wọ́ wò. Tí ẹ bá ta wáyà dé ilé ẹlòmíràn tí ẹ sì ń gbowó, òwò iná lẹ̀ ń ṣe. Láti ìgbà òfin iná mànàmáná 2023, ìpínlẹ̀ lè máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Adó ni kí ẹ lọ béèrè, kì í ṣe Àbújá.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, ẹ ní kó mú yín lọ síbi tí irú ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ìkórè èṣí, kí ẹ sì lọ láìsọ ọjọ́ fún un. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra asẹ́ àti ríìngì rẹ̀. Kí owó tó pọ̀ jù nínú iye tí ẹ máa san dúró lọ́wọ́ yín títí ẹ̀rọ á fi la ìkórè kan kọjá. Bó bá gbà, ẹ kọ̀wé sí mi padà.

*Bàbá, alápatà ni bàbá mi, èmi náà sì wà ní odò ẹran n'Íbàdàn. Ìgbẹ́ màálù àti ohun tó wà nínú àpòlúkù tí a ń fọ̀ dà sí gọ́tà láràárọ̀ kò kéré. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe gáàsì látinú rẹ̀ ní Bódìjà rí. Mo fẹ́ fi gbé jẹnẹrétọ̀ kílówáàtì márùn-ún fún yàrá òtútù wa. Màálù mélòó ló máa tó? — Ọmọ Alápatà, Ìbàdàn*

Iṣẹ́ kan bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà ibi tó dé. "Cows to Kilowatts" ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, Joseph Adelegan ló ṣáájú rẹ̀, wọ́n lo ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti Thailand, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Seed, tí wọ́n ń fún òwò tó ń tọ́jú àyíká, ní 2005.

Màálù tiwa, èyí tó ń jẹ̀ káàkiri, ń su nǹkan bí kílò mẹ́wàá lóòjọ́. Kílò mẹ́wàá yẹn á mú nǹkan bí 400 lítà gáàsì wá, ìyẹn kò sì pé yúnìtì iná kan. Tí o bá fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ kílówáàtì márùn-ún ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún, o nílò ìgbẹ́ tó sún mọ́ 400 kílò lójoojúmọ́, ìyẹn ìgbẹ́ 40 màálù tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Darandaran ò lè rí i kó jọ, inú igbó ni ẹran rẹ̀ ń su ún sí. Odò ẹran ló lè rí i, torí pé ojú kan ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ìdí tí mo fi fọwọ́ sí tìrẹ ju ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wo inú àpòlúkù dáadáa kí o tó dà á sínú kànga gáàsì, ìyẹn kòtò tí a dé pa, tí ìgbẹ́ ti ń jẹrà láìsí afẹ́fẹ́ títí gáàsì á fi jáde. Ọ̀rá! Màálù wa ń jẹ ọ̀rá páwọ̀tà àti okùn lórí àkìtàn, mo ti rí èyí tí wọ́n fà jáde tó gùn ju apá mi lọ. Ọ̀kan péré tó o bá jẹ́ kó wọ páìpù, o máa sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọ́, o ò sì ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni kan gbọ́dọ̀ jókòó ṣà á. Má fi omi ṣàn án jù náà. Omi àti ìgbẹ́ bákan náà ló dára. Gáàsì tó bá jáde máa ń rùn bí ẹyin òbu, òórùn yẹn sì ni nǹkan tó ń jẹ irin. Jẹ́ kó gba inú agolo tí o kó èérún irin tó ti dógùn-ún sí kọjá kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Èérún náà kún ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi léètì ṣiṣẹ́.

Ohun tó kàn mí jù ni ilẹ̀. Ta ló ni ibi tí ẹ wà? Ìwọ náà mọ ariwo tó sọ nígbà tí ìjọba ní kí àwọn alápatà kó kúrò ní Bódìjà lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé. Kànga gáàsì kì í bá alápatà kó lọ. Gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kí o tó ra sìmẹ́ńtì. Bó o bá sì lè rìn dé Pọ́tò-Nóvò, lọ wo Songhai, oko ìkẹ́kọ̀ọ́ tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ti ènìyàn ṣe gáàsì níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé omi dúdú tó kù lọ sóko. Lójú tèmi, omi dúdú yẹn lè níye lórí ju iná lọ.

*Ẹgbẹ́ onígàárì ni wá, ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó. Èèpo ẹ̀gẹ́ ti fẹ́ lé wa kúrò níbi iṣẹ́. Ṣé ó lè di iná? — Alága Ẹgbẹ́*

Ó lè dì í, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Tí èèpo ẹ̀gẹ́ bá dá wà nínú kànga gáàsì, ó máa ń kan, gáàsì á sì dá, àfi tí ẹ bá ń po ìgbẹ́ ẹran mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, tó wà n'Íbàdàn ti fi hàn pé tí ẹ bá rin ín, tí ẹ fún omi rẹ̀ dànù, tí ẹ jọ̀ ọ́, tí ẹ sì sá a, á di oúnjẹ ẹran tó ṣeé tà. Ẹ̀rọ ìrin àti ìfúngàárì tí ẹ ní lọ́wọ́ náà lẹ máa lò. Àwọn tó ń sin ẹran á wá bá yín. Ní ti iná, ẹ lọ béèrè iye tí páànẹ́lì oòrùn jẹ́.

*Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ilé-ìwé ni mí ní Òṣogbo. Olùkọ́ wa ní iná biomass, èyí tí wọ́n ń fi igi, pàǹtí oko tàbí ìgbẹ́ ẹran ṣe, kì í ba àyíká jẹ́. Ìyá mi ní èéfín ni èéfín ń jẹ́. Ta ló tọ̀nà? Orílẹ̀-èdè wo tí kì í ṣe tàwọn olówó ló ti rí i ṣe? — T., Òṣogbo*

Ọmọ mi, àwọn méjèèjì ló tọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ohun tí à ń dà nù tàbí tí à ń sun ní gbangba tẹ́lẹ̀ la fi ṣe iná, tí èyí tó rọ́pò rẹ̀ sì ń hù lóko lọ́dọọdún, olùkọ́ rẹ gbà á. Tí ó bá jẹ́ pé igi gidi la lọ gé, tí a ò gbin òmíràn, ìyá rẹ gbà á. Lọ wo ohun tí iṣẹ́ èédú ṣe sí igbó ní Òkè-Ògùn kí o tó kọ àròkọ rẹ.

Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ni mo máa dárúkọ fún ẹ, erékùṣù kékeré tó wà nínú òkun Íńdíà. Bí wọ́n bá ti fún omi ìrèké tán, wọ́n ń kó pàǹtí rẹ̀ sínú ìléru ńlá, wọ́n fi ń hó omi, ooru omi híhó yẹn sì ń yí ẹ̀rọ iná. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà ń lo èyí tó fẹ́, ó sì ń ta ìyókù fún ilé-iṣẹ́ iná ìjọba. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìdí tó fi yọrí sí rere ni pé kò sẹ́ni tó ń wá ìrèké kiri: ó ti wà ní ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ wà, ìléru wà, ẹni tó máa ra iná sì wà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí Òkúdù sí Ọ̀pẹ ni ìkórè ìrèké wọn. Nígbà tí kò bá sí ìrèké, èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá ni ìléru kan náà ń jó. Kọ ìyẹn náà sínú àròkọ, olùkọ́ rẹ á mọ̀ pé o kàwé.

Kí n tó kúrò lórí èéfín: carbon monoxide tí mo dárúkọ fún Ìyá Ọlọ́lọ, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá máa gbé ìléru gáàsì kalẹ̀, kó má mọ ògiri yí i ká. Òrùlé lórí òpó ti tó. Kí ọmọ tó ń ṣọ́ ọ má sì sùn síbẹ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó.